Ìdí tí ọ́ìlì fi ń jò lẹ́yìn tí a ti pààrọ̀ jọ́ǹ sípì

Ní etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin), níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí ń bọ̀ láti Aguégués, àwọn abúlé orí omi, ti ń já èrò àti ẹja sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu àwọn atukọ̀ tí ọ́ìlì gíà wọn ń jò: wọ́n á ní jọ́ǹ sípì, òrùka rọ́bà tí ń dí ọ́ìlì mọ́nú, tí wọ́n ń tà lóde òní kò dára mọ́, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá ni, ó sì tún ti ń jò. Lóòótọ́, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà tuntun náà kò jẹ̀bi ohunkóhun. Irin tí wọ́n fi í sí lára ni ó ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Jọ́ǹ sípì, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní ọílì síìlì, ni òrùka rọ́bà tí ó yí ọpá irin ká níbi tí ọpá náà ti ń yọ jáde láti inú ilé gíà lọ sí ìdí elísì, abẹ irin tí ń ti omi sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè máa lọ. Kò ṣòro láti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ọ́ìlì kò gbọdọ̀ jáde, omi ọ̀sà kò gbọdọ̀ wọlé. Bí ó ṣe ń ṣe é ni ó yani lẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ńṣe ni rọ́bà náà ń fún irin mọ́ra pinpin bí ìdérí ìgò. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní lo ọjọ́ kan. Ẹ́ńjìnnì tí ń yí ní ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí gíà rẹ̀ dín ìyípo náà kù sí ìdajì, á máa yí ọpá elísì ní ìgbà 2,500. Bí ọpá náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 2, irin tí ó ń kọjá lábẹ́ ètè rọ́bà yìí, ìyẹn etí inú rẹ̀ tí ó kan irin, láàárín wákàtí kan lé ní kìlómítà 9. Kí atukọ̀ tó lo wákàtí mẹ́rin lórí omi, ètè náà ti rin ìrìn tí ó gùn ju ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kútọnu lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ní gbígbẹ ni ó ń rìn ín, á ti jóná kí ó tó débẹ̀.

Ohun tí ó ń gbà á là ni ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Ọ́ìlì díẹ̀ ń dúró láàárín ètè àti irin, tí kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ, orí ọ́ìlì yìí ni ètè náà sì ń gùn. Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni pé, bí ọ́ìlì bá ti wà lábẹ́ ètè, kí ni kò jẹ́ kí ó ṣàn jáde? Ìdáhùn rẹ̀ ni ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí fara pamọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ ètè tí ó kọjú sí ọ́ìlì ga ṣánṣán, èyí tí ó kọjú sí ìta sì rọra dagun. Nítorí àìdọ́gba yìí, àti àwọn kókó kékeré tí ojú kò lè rí tí ń yọ lára rọ́bà ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ìyípo ọpá náà ń mú kí ètè máa dá ọ́ìlì padà sínú ilé gíà láìsinmi.

Ẹni tí ó ti gbé ilé tí omi òjò ń wọ̀ á mọ ohun tí èyí jọ. Obìnrin kan dúró ní ẹnu ìloro pẹ̀lú ìgbálẹ̀, òjò ń rọ̀ ní àgbàlá, ó sì ń gbá omi padà síta bí ó ṣe ń wọlé. Ẹnu ìloro kò gbẹ rí. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án á bá a ní tútù. Síbẹ̀, yàrá gbẹ. Bí obìnrin náà bá yí padà tí ó kọjú sí yàrá, tí ó sì ń gbá omi pẹ̀lú agbára kan náà, òun gan-an ni yóò gbá omi wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jọ́ǹ sípì tí a fi sẹ́yìn-sẹ́yìn ṣe ń fa ọ́ìlì jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ojú omi, méjì ni wọ́n ń fi sí ìdí elísì nítorí pé ọ̀tá méjì ni ó wà, kò sì pọn dandan kí àwọn méjèèjì kọjú sí ibì kan náà. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a wo bí ti àtijọ́ ṣe wà dáadáa kí a tó yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹnu ìloro yẹn. Bí ẹsẹ̀ bá ti jẹ símẹ́ńtì rẹ̀ di kòtò, ìgbálẹ̀ á máa gba òkè kòtò náà kọjá, omi á sì máa gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ìgbálẹ̀ tuntun kò lè tún un ṣe. Lára ọpá elísì, iyanrìn tí ó há sínú rọ́bà rírọ̀ ni ó ń jẹ irin líle, gẹ́gẹ́ bí okùn ṣe ń la ipa sí ẹnu kànga. Iyọ̀ náà ń dá kún un. Láti ọdún 1885 tí àwọn Faransé ti la ojú omi Nokoué sí òkun ní Kútọnu, omi iyọ̀ ń wọ ọ̀sà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń jẹ irin ní ihò wẹ́wẹ́ níbi tí rọ́bà bò, títí odò Ouémé yóò fi kún tí yóò sì tì í padà. Èékánná ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Kí a nu ọpá náà mọ́, kí a fa èékánná gba orí rẹ̀ lóròóró; bí ó bá kọ́ níbì kan, jọ́ǹ sípì tuntun yóò jò níbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ wà. Bí àyè bá wà, a lè ti òrùka tuntun wọlé díẹ̀ sí i tàbí kí a fi í síta díẹ̀, bíi mìlímítà 1 tàbí 2, kí ètè rẹ̀ lè bọ́ sórí irin tí kò tíì jẹ. Àpò irin tẹ́ẹ́rẹ́ tún wà tí a ń gbá bo ojú ọgbẹ́ náà. Ohun tí kò dára rárá ni kí a mú sáńdípépà kí a máa fà á lọ fà á bọ̀ lórí irin, nítorí pé àwọn ilà tí ó bá fi sílẹ̀ ní dídagun ń ṣiṣẹ́ bí eyín ìdè (síkúrù), wọ́n sì lè máa fa ọ́ìlì jáde bí ọpá ti ń yí. Lójú tèmi, àṣìṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì ni pé wọn kì í fi àpò irin bẹ́ẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ pé ohun tí owó rẹ̀ kéré ni yóò máa jẹ dípò ọpá tí ó wọ́n.

Ó tún ku okùn ọ̀rá. Okùn àwọ̀n tí ó bá wé mọ́ ìdí elísì máa ń gbóná, á sì gé ètè rọ́bà bí abẹ. Ohun tí a lè ṣe sí i ni pé kí a máa tú elísì lóòrèkóòrè kí a sì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Gbogbo omi dúdú tí ń kán nídìí elísì kọ́ ni ọ́ìlì gíà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, àárín elísì ni èéfín ń gbà jáde, ọ́ìlì tí kò jóná tán sì ń bá a jáde. Ó dúdú, ó sì ń rùn bí epo bẹntiróòlù. Ní ìdàkejì, ilé gíà lè ti gba omi láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan hàn síta. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ohun tí ó wà nínú ilé gíà á fẹ̀. Bí a bá pa á, omi ọ̀sà á mú un tutù kíákíá, á sún kì, á sì fa omi wọlé gba ibi tí ètè ti dẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́yìn àtúnṣe, kí a lo ọkọ̀ náà ní ọjọ́ kan, kí a jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, kí a sì tú ìdè ìsàlẹ̀ ilé gíà díẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ yọ bí ó bá wà níbẹ̀. Bí omi bá yọ, tàbí tí ọ́ìlì bá yọ ní funfun bí ògì, omi ti wọlé, a ó tún un tú. Bí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá yọ ní mímọ́, tí ó ki, tí ó sì ń fà bí oyin, kí a dí i padà.