Ṣé òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ máa ń tàn ká bí irin bá ti kàn án?

"Má jẹ́ kí wọ́n fi irin kàn án o! Bí irin bá ti kàn án, á bínú, á sì tàn ká." Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹnu kan kókó tí wọ́n rí lọ́mú. Ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́ dókítà ni wọ́n ń pè ní irin. Ẹni tí kókó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ náà ń gbọ́ tirẹ̀: wọ́n á ní bí wọ́n bá la àyà tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí jẹjẹrẹ, kò ní í ṣeé ká mọ́. Kò sí ìlú tí ìgbàgbọ́ yìí kò dé. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn 626 tó wá gba ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró àti àyà. Ìdá 38 nínú 100 wọn ló gbà pé afẹ́fẹ́ tó kan jẹjẹrẹ nígbà iṣẹ́ abẹ ló ń tú u ká.

Jẹjẹrẹ kì í dúró de irin kó tó rìn. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fúnra wọn ló ń já wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan limfu (èyí tó ń gbé omi ara kiri), tí wọ́n sì ń bá a lọ sí abíyá, egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ. Nígbà tí kókó bá fi máa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, ìṣirò tí àwọn dókítà ń lò ni pé sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti tó bílíọ̀nù kan, ìyẹn ni pé wọ́n ti di ìlọ́po méjì nígbà 30. Ní gbogbo àkókò yẹn, irin kankan kò kàn án. Àwọn tí jẹjẹrẹ wọn máa ń tàn ká jù nígbà tí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, àwọn gan-an ni ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ní ti afẹ́fẹ́, kí ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró bí kò ṣe afẹ́fẹ́? Inú rẹ̀ ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti ń gbé láti ọjọ́ kìíní.

Síbẹ̀, àwọn tó ń sọ ọ́ kò ṣàdéédéé sọ ọ́. Ohun tí wọ́n fojú rí ni. Kí CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, tó dé, ìgbà tí dókítà bá la àyà tán ló tó máa ń mọ̀ pé jẹjẹrẹ ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ lè kó. Yóò rán an padà, aláìsàn á sì kú láìpẹ́. Ojú ẹbí ni pé iṣẹ́ abẹ ló pa á. Òmíràn ni ti ẹni tó ṣe biopsy, ìyẹn ni pé wọ́n mú ẹran díẹ̀ nínú kókó rẹ̀ fún àyẹ̀wò, tí èsì bà lẹ́rù, tó wá fi oṣù mẹ́fà wá ìwòsàn kiri. Nígbà tó bá fi máa padà dé, kókó ti di ìlọ́po méjì. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n á dá lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́fà yẹn ló ṣiṣẹ́ ibi.

Ohun kẹta wà tó jẹ́ pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí a bá mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹran fún àyẹ̀wò kó tó yé wa. Dókítà á gbé ẹ̀rọ ultrasound, tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, lé ọmú, á máa wo kókó náà lójú ẹ̀rọ. Á nu ojú ara, á gún abẹ́rẹ́ lidocaine kí ibẹ̀ lè kú. Ìyẹn ló máa ń ta èèyàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi ọ̀bẹ ṣí ojú ara ní mílímítà 2 sí 3, ihò tí kò nílò rírán, á sì ti abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 gba ibẹ̀ wọlé. Abẹ́rẹ́ náà fẹ̀ tó nǹkan bí mílímítà 2, ó sì ní sípíríǹgì: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á dún "pà!" Ariwo yẹn máa ń já èèyàn láyà, nítorí náà dókítà tó láàánú á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lásán kí aláìsàn gbọ́ ọ. Ẹran tó ń jáde rí bí òwú tó ki, gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ. Wọ́n sábà máa ń mú mẹ́ta sí mẹ́fà. Wọ́n á jù ú sínú formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà: èyí tó bá rì sísàlẹ̀ ló sábà máa ń dára fún àyẹ̀wò, èyí tó bá léfòó, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Wọ́n á tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, ó lè dúdú kó sì wú, kí kókó náà dà bí ẹni pé ó ti tóbi sí i. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ "ó ti bínú" ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ ni; láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, á yọ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ibà, tàbí ọyún ni kó gbé yín padà sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

A kò ní í tan yín: abẹ́rẹ́ lè wọ́ sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sójú ọ̀nà tó gbà. Àwọn tó ń yẹ ẹran wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù ti rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé bí ọjọ́ tó wà láàárín biopsy àti iṣẹ́ abẹ bá ṣe ń pọ̀ tó ni irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń dín kù tó. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kú dànù. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan hù, iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú onítànṣán sì máa ń kó ojú ọ̀nà náà mọ́ ọn.

Nínú àyà, ibì kan wà tí ìṣọ́ra yìí ti ní ìdí. Kókó ẹṣẹ́ thymus, tó wà lẹ́yìn egungun àárín àyà, ní awọ tó bò ó. Bí CT scan bá fi hàn pé òun ni, tó sì ṣeé yọ ní odindi, dókítà oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń yọ ọ́ láìgún un, torí bí awọ yẹn bá ya, sẹ́ẹ̀lì lè dà sínú àyà. Ṣùgbọ́n tó bá jọ lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì limfu, tó lè wà níbì kan náà, dandan ni kí wọ́n mú ẹran níbẹ̀, nítorí oògùn ló ń wò ó, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ní ti kókó ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n bá gún láti ẹ̀yìn tàbí ìhà, ewu tó yẹ kí a máa bẹ̀rù ni pé afẹ́fẹ́ lè jò sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n ń fi rọ́bà sí láyà. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ya X-ray kí ẹ tó lọ sílé. Bí èémí bá ń há tàbí àyà ń dùn yín lójijì lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ju abẹ́rẹ́ lọ ni kí wọ́n gé kókó kúrò láìtíì mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ: ó lè jẹ́ fibroadenoma (kókó líle tí kì í tàn ká), àpò omi, tàbí eéwo. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, tí wọ́n kàn hú u jáde bí eéwo, díẹ̀ á ṣẹ́kù sínú ọmú, ojú ọgbẹ́ lè wà níbi tí kò yẹ, wọ́n á sì tún un ṣe. Ó tún burú jù bí wọ́n bá da ẹran náà nù, tàbí kí wọ́n gbé e sínú omi lásán, níbi tó ti máa jẹrà. Formalin tó tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà ló yẹ kó wà nínú ìgò, kí ẹran sì wọnú rẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Bí wọ́n bá ti mọ ohun tó jẹ́, iṣẹ́ abẹ á ní ètò. Ẹran tí dókítà bá gé jáde, á rán òwú mọ́ ọn kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: òwú kúkúrú sí apá òkè, òwú gígùn sí apá abíyá. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fi tàdáwà kun ara rẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá kan tàdáwà yẹn lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹ́kù, òwú ló sì máa sọ apá ibi tí wọ́n á tún gé. Ìwádìí tí Bernard Fisher, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1976 tẹ̀lé àwọn obìnrin tí kókó wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Èsì ogún ọdún jáde ní 2002: àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan fún, tí wọ́n sì gba ìtànṣán, pẹ́ láyé bákan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n gé gbogbo ọmú wọn. Ká ní ọ̀bẹ tó gba inú ọmú kọjá ló ń tú jẹjẹrẹ ká ni, èsì yẹn kò ní í rí bẹ́ẹ̀.

Bí èsì biopsy bá jáde, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ dání. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ọmú, ó gbọ́dọ̀ sọ bóyá sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ER àti PR (ohun tí hòmóònù obìnrin ń so mọ́) àti HER2 (èròjà purotéènì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà), torí òun ló ń sọ bóyá oògùn tamoxifen tàbí trastuzumab á ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ 2+ síwájú HER2, àyẹ̀wò kò tíì parí. Ẹ béèrè èyí tó kàn. Ìda ni wọ́n rì ẹran yín sí, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí dókítà mìíràn wò ó, ìda yẹn ni kí ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kò ní í tún gún yín.