Kí ló dé tí wọ́n fi kọ "Ayaba" sórí ibojì Katharine ará Aragon?

Ìbéèrè: Nínú kàtídírà Peterborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà wúrà ni wọ́n fi kọ "Katharine Ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì" sókè ibojì rẹ̀. Ṣebí bí opó ọmọọba lásán ni wọ́n ṣe sin ín ní 1536?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ oyè yẹn náà ló sì bá a dé ojú ikú. Arthur, àkọ́bí Henry Keje ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ fẹ́ Katharine, ọmọọba tó wá láti ilẹ̀ Sípéènì, ní November 1501. Wọn ò tíì lo oṣù márùn-ún pọ̀ tí ọkọ fi kú. Ní 1509, Henry Kẹjọ, àbúrò ọkọ, ṣú u lópó, wọ́n sì dé àwọn méjèèjì ládé lọ́jọ́ kan náà.

Ìbéèrè: Ṣé èèwọ̀ ni ṣíṣú opó lọ́dọ̀ wọn ni?

Ìdáhùn: Ìjọ kò gbà á àfi bí Póòpù bá yọ̀ǹda, Póòpù Julius Kejì sì ti yọ̀ǹda. Ìgbà tó di pé Mary nìkan ló yè nínú àwọn ọmọ tí Katharine bí, tí Anne Boleyn, obìnrin ààfin kan, sì ti gba ọkàn ọba, ni Henry fẹ́ tú ìgbéyàwó náà ká, tó di Léfítíkù 20:21 mú, pé ẹni tó bá gba aya arákùnrin rẹ̀ yóò wà láìlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ Deuterónómì 25:5 pàṣẹ pé kí arákùnrin òkú ṣú opó rẹ̀! Lójú tèmi, Henry ti mọ ohun tó fẹ́ kó tó ṣí Bíbélì. Ní June 1529, Katharine kúnlẹ̀ fún un nílé ẹjọ́ Blackfriars ní London, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó náà, ó fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí pé Arthur ò bá òun lò pọ̀ rí. Ó dìde, ó jáde. Wọ́n pè é títí, kò padà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí kò gba oyè opó, kó lọ fara balẹ̀?

Ìdáhùn: Nítorí Mary. Bí ìyá bá gbà pé òun kì í ṣe ìyàwó, ọmọ di ọmọ àlè nìyẹn. Obìnrin tó di ìlú mú ní 1513 nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun ní Faransé, tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì pa ọba Scotland ní Flodden, kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ ta ọmọ rẹ̀. Cranmer, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, tú ìgbéyàwó náà ká ní 1533. Katharine ò dákẹ́ pípe ara rẹ̀ ní ayaba. Wọn ò jẹ́ kó fojú kan Mary mọ́ títí tó fi kú ní Kimbolton, January 7, 1536. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìbéèrè: Ta ló wá dá oyè náà padà?

Ìdáhùn: Mary jọba ní 1553, ilé aṣòfin sì kéde lọ́dún náà pé ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ tọ́. Ọmọ ogun ba ibojì náà jẹ́ ní 1643, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn obìnrin tó ń jẹ́ Katharine dáwó jọ, wọ́n fi ra òkúta tuntun sí i. Títí dòní, èso pomegranate, àmì rẹ̀, làwọn àlejò máa ń gbé síbẹ̀.