React: kí ló dé tí nọ́ńbà kò yí padà lójú ẹsẹ̀?

Ẹni tó bá ti mọ JavaScript dáadáa máa ń rò pé wẹ́rẹ́ ni React, àkójọ kóòdù JavaScript tí a fi ń kọ́ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, máa yé òun. Kíkọ rẹ̀ kò le lóòótọ́. Ohun tó ń rú èèyàn lójú ni pé kóòdù yóò dá ṣáká, síbẹ̀ nǹkan mìíràn ni ojú ẹ̀rọ yóò máa gbé jáde. Nínú àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, ọ̀kan wà tí mo máa pẹ́ lórí rẹ̀, torí ẹni tí ìyẹn bá yé, ìyókù kò ní í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún un mọ́.

Kí ni React ń ṣe tí JavaScript lásán kò lè ṣe?

Kò sí. JavaScript náà ni React fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Jordan Walke, tó jẹ́ ẹnjiníà ní Facebook, ló dá a sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ti ń lò ó láti 2011, wọ́n sì fi kóòdù rẹ̀ síta fún gbogbo ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2013.

Ẹni tí iṣẹ́ já lé léjìká ló yàtọ̀. Bí ẹ bá ń lo JavaScript lásán, ẹ̀yin lẹ máa wá ibi tó yẹ kó yí padà, ẹ̀yin náà lẹ máa yí i: ẹ pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́, ẹ fi bọ́tìnì yẹn pamọ́, ẹ dín nọ́ńbà òkè kù. Nígbà tí ibi tó gbára lé dátà kan náà bá di mẹ́fà, kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa gbàgbé ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń rí ojú ìwé tó sọ pé iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣẹ́kù, tí àtòkọ abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo. Nínú React, ẹ máa ṣàpèjúwe bí ojú ìwé ṣe gbọ́dọ̀ rí nígbà tí dátà bá rí báyìí tàbí báyẹn. React ni yóò wá ojú ibi tó yẹ kó yí, tí yóò sì yí i.

Kí wá ni component?

Function ni. Ó gba dátà, ó sì dá àpèjúwe apá kan ojú ìwé padà. JSX la sábà fi ń kọ àpèjúwe náà. Ó jọ HTML, ṣùgbọ́n bùráúsà kò gbọ́ ọ. Irinṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di JavaScript. Ẹ rántí fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ component yín. Bí ẹ bá kọ `<Botini />`, React yóò wá function yín lọ. Bí ẹ bá kọ `<botini />`, yóò rò pé táàgì HTML kan ni, function yín kò sì ní ṣiṣẹ́.

Props àti state, kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Òde ni props ti ń wá: component òkè ló ń fi í ránṣẹ́ sí ti ìsàlẹ̀, ẹni tó gbà á kò sì gbọ́dọ̀ yí i. State jẹ́ ti component fúnra rẹ̀, React ló ń bá a rántí rẹ̀. Bí component méjì bá nílò dátà kan náà, ẹ gbé state náà lọ sọ́dọ̀ component òkè tó kó àwọn méjèèjì sínú. Òun ni yóò fi dátà náà ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú function tí wọ́n á fi máa béèrè fún àyípadà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́jú ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan kò ní pẹ́ ta ko èkejì.

Mo tẹ bọ́tìnì, mo pe setIye, àmọ́ nọ́ńbà àtijọ́ ni console.log ń tẹ̀ jáde. Ṣé React ń lọ́ra ni?

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká wo kóòdù náà. `useState` ló ń fún component ní state: `iye` ni dátà náà, `setIye` ni function tí a fi ń béèrè fún àyípadà rẹ̀:

```
const [iye, setIye] = useState(0);

function teBotini() {
  setIye(iye + 1);
  setIye(iye + 1);
  setIye(iye + 1);
  console.log(iye);
}
```

Ẹ wo ohun tó bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́: `const`. JavaScript fúnra rẹ̀ kò gbà kí `iye` yí padà. Bó ti wù kí ẹ pe `setIye` tó, 0 ni `iye` yóò jẹ́ títí function náà yóò fi parí. Ìdí nìyẹn tí console.log fi tẹ 0 jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ sì ti sọ ohun kan náà fún React, pé kó sọ ọ́ di 1. Nítorí náà, 1 ni yóò hàn lójú ẹ̀rọ, kì í ṣe 3.

Kí wá ni `setIye` ṣe? Ó ní kí React tún component náà pè láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí React bá tún un pè, useState yóò dá 1 padà, `iye` mìíràn yóò wáyé, `teBotini` mìíràn yóò sì wáyé pẹ̀lú rẹ̀. Ti àtijọ́ kò yí padà rárá. Ìpè kọ̀ọ̀kan ló ní `iye` tirẹ̀, function tí a bá sì dá nínú ìpè kan, `iye` ìpè yẹn nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá lo setTimeout kí ó fi `iye` hàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, tí ẹ sì ń tẹ bọ́tìnì lọ kí àsìkò náà tó pé, èyí tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ yóò ṣì fi 0 hàn.

Ó lè dà bí ìdènà, ṣùgbọ́n ààbò ni. Ká ní ẹnì kan tẹ bọ́tìnì pé kí ẹ pa fáìlì kan rẹ́, ó sì yan fáìlì mìíràn kí iṣẹ́ náà tó parí. Fáìlì tó wà lójú rẹ̀ nígbà tó tẹ bọ́tìnì ni kóòdù yín yóò pa rẹ́. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Bí 3 lẹ bá fẹ́, ẹ fún un ní function nínú ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: `setIye(i => i + 1)`. React yóò to wọ́n tẹ̀ léra, èsì ti àkọ́kọ́ ni yóò fi ṣe ìkejì. Yóò sì dúró kí iṣẹ́ bọ́tìnì náà parí kó tó tún component pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà React 18, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe nínú setTimeout àti promise.

Mo fi push kún àtòkọ mi, kò sí ohun tó yí padà. Kí ló fà á?

Àtòkọ àtijọ́ náà lẹ dá padà fún un. React máa ń fi state tuntun wé ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá rí i pé array kan náà ni, kò ní yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹ ṣe tuntun: `setIse([...ise, tuntun])`.

Kí ni React ń fi key ṣe, kí ló dé tí index kò dára?

Lẹ́yìn tí React bá pe component yín, yóò fi àpèjúwe tuntun wé ti tẹ́lẹ̀, ibi tó bá yàtọ̀ nìkan ni yóò fọwọ́ kàn nínú ojú ìwé. Nínú àtòkọ, key ló fi ń mọ ìlà wo ni ìlà wo. Ká ní ìlà kọ̀ọ̀kan ní àyè tí èèyàn lè kọ nǹkan sí, index (nọ́ńbà ipò ìlà nínú àtòkọ) sì ni key yín. Bí ẹ bá yọ ìlà àkọ́kọ́, ìlà kejì yóò gba key 0, ohun tí ẹnì kan ti kọ sínú ìlà tí ẹ yọ yóò wá hàn nínú ìlà tó rọ́pò rẹ̀. Ẹ lo id tó bá dátà náà wá. Bí àtòkọ kò bá ní yí ipò padà láé, index kò burú.

Ìgbà wo ni kí n lo useEffect?

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bá ohun tó wà lẹ́yìn òde React ṣe: aago, ìsopọ̀ mọ́ server, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àṣejù pọ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá lè fi state tó wà nílẹ̀ ṣírò nǹkan, ẹ ṣírò rẹ̀ nínú component, ẹ má fi useEffect kún un. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ẹ ń kọ kóòdù lọ́wọ́, ẹ má bẹ̀rù. StrictMode, ètò React tó ń yẹ kóòdù wò nígbà tí ẹ ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ló mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè rí i bí ẹ bá gbàgbé láti pa aago tàbí ìsopọ̀ tí ẹ ṣí.

Class ni mo rí tí wọ́n fi kọ component nínú ẹ̀kọ́ tí mò ń kà. Ṣé kí n kọ́ ọ?

Ẹ kọ́ ọ tó láti lè kà á, torí kóòdù àtijọ́ pọ̀ tó ṣì ń lò ó, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí useState àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé pẹ̀lú React 16.8 ní oṣù kejì ọdún 2019, function ló yẹ kí ẹ fi kọ component tuntun.