Pùrọ̀pẹ́là àti sípínà ọkọ̀ òfurufú àfọwọ́ṣe ní ojú ọjọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ọkọ̀ òfurufú kékeré tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn lè ní ẹ́ńjìnnì tó dára, síbẹ̀ kó má lè gbéra nílẹ̀ bó ṣe yẹ bí pùrọ̀pẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú rẹ̀, kò bá bá a mu. Òun ló ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di ìfà tó ń gbé ọkọ̀ síwájú.

Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí i lára, bíi 68 × 44. Ìkíní ni gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ní íńṣì. Ìkejì ni ìṣísẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi tí ì bá rìn dé síwájú nígbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ká ní afẹ́fẹ́ kì í yọ̀. Ìṣísẹ̀ kúkúrú dà bíi jíà kìíní ọ̀kadà: ó ń gbéra kíá, ó ń gun òkè, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á ti máa ké kí eré tó pọ̀. Ìṣísẹ̀ gígùn ń sáré lókè, àmọ́ ó ń lọ́ra nílẹ̀. Pùrọ̀pẹ́là tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé yí padà kò ní ju ọ̀kan lọ nínú méjèèjì.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbéra ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ rò. Ìlú náà fi ohun tó lé ní mítà 300 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Bí ooru ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn bá dé 35°C, afẹ́fẹ́ á fẹ́lẹ́ débi pé ọkọ̀ á máa ṣe bí ẹni pé ó wà lórí òkè tó ga ju mítà 1,000 lọ. Agbára ẹ́ńjìnnì á dín, ìfà pùrọ̀pẹ́là á dín, apá ọkọ̀ náà kò ní tètè gbé e, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gígùn náà ní ààlà. Ṣóńṣó pùrọ̀pẹ́là íńṣì 72 tó ń yí nígbà 2,700 ní ìṣẹ́jú kan ń sáré tó nǹkan bíi mítà 259 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin eré ohùn. Bó bá sún mọ́ eré ohùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo á pọ̀, ìfà á dín. Ilẹ̀ pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn jù: ìlànà tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà béèrè àlàfo íńṣì 7 fún ọkọ̀ tó ní táyà níwájú, àti 9 fún èyí tí táyà rẹ̀ wà nídìí. Lórí ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, ó sàn kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Pùrọ̀pẹ́là irin ń pẹ́, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì lè mú kó sán níbi tí ojú kò tó. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e sí ẹ́ńjìnnì tí wọn kò tíì dán an wò pẹ̀lú rẹ̀. Igi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele ń gba gbígbọ̀n mọ́ra. Wàhálà tirẹ̀ ni ọ̀rinrin. Lásìkò òjò, igi á wú, bóòtù á wọ̀ ọ́ lára. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sún kì, bóòtù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn á sì ti dẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Igi wà láàárín irin pẹlẹbẹ kan níwájú àti ojú irin kiránkì, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí, lẹ́yìn. Bí ojú igi àti ojú irin ṣe di ara wọn mú ló ń yí pùrọ̀pẹ́là. Iṣẹ́ bóòtù ni láti fún wọn pọ̀. Bí wọ́n bá dẹ̀, igi á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí irin, á gbóná, ojú ibẹ̀ á dúdú bí èédú, ẹrù á wá já lé bóòtù lórí títí wọ́n á fi kán. Bí wọ́n bá sì le jù, igi á rún. Iye tí olùṣe kọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn ìfúnpọ̀, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń dè orí ẹ́ńjìnnì mọ́tò, díẹ̀díẹ̀, láti bóòtù kan sí èyí tó kọjú sí i. Gígùn bóòtù náà lè tanni jẹ. Bí wọ́n bá yọ àwo ẹ̀yìn sípínà, ìbòrí ṣóńṣó iwájú, kúrò, bóòtù tó dọ́gba tẹ́lẹ̀ lè gùn jù: eyín rẹ̀ á tán, sípánà á ní ó ti le tó, igi kò sì tíì fún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wò ó bóyá apá pùrọ̀pẹ́là méjèèjì ń gba ojú kan kọjá. Wọ́n á kọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì, wọ́n á dí táyà, nítorí bí wáyà tó so súwíìṣì mọ́ màgínẹ́ẹ̀tò, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, bá já, ẹ́ńjìnnì lè mú nígbà tí súwíìṣì wà ní pípa. Wọ́n á gbé igi kan nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó apá kìíní, wọ́n á sàmì, wọ́n á yí èkejì wá síbẹ̀. Fún pùrọ̀pẹ́là igi, ìyàtọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ.

Sípínà ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣàn wọ ihò ìtutù ẹ́ńjìnnì láìrú, ohun tó wúlò gan-an nínú ooru yìí. Ihò tí apá pùrọ̀pẹ́là gbà jáde kò gbọ́dọ̀ kan apá náà níbì kankan. Wọ́n á na ẹnu bírò sí ṣóńṣó sípínà, wọ́n á yí i lọ́wọ́: bó bá ń jó, kò sí láàárín gbùngbùn, àwo ẹ̀yìn rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán láti ojú ihò ìdè.

Wọ́n á tún bóòtù yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́ tó fi fò, nígbà tí ọyẹ́ bá wọlé, àti nígbà tí òjò bá padà. Bí ọkọ̀ bá dúró, ìbú ni kí wọ́n dá pùrọ̀pẹ́là igi sí, kí ọ̀rinrin má baà sọ̀ kalẹ̀ sí apá kan kó sì wúwo ju èkejì lọ.