Lésà kì í gba inú ewé kọjá o

Àwòrán àwọn ìlú àtijọ́ tí àwọn Maya kọ́ sí Central America, tí wọ́n ń pín kiri yẹn, tí wọ́n ti ṣí igbó kúrò lórí wọn, tẹ́ ẹ bá ti rí i báyìí ẹ ó gbọ́ pé lésà, ìyẹn iná tín-ín-rín tí ẹ̀rọ ń ta, ló wo inú ewé kọjá. Irọ́ ni jàre. Bí ewé ṣe ń dí oòrùn náà ló ṣe ń dí lésà. Ẹ jókòó sábẹ́ igi kòkó lọ́sàn-án gangan, ibẹ̀ á ṣú díẹ̀, àmọ́ oòrùn ṣì ń já sílẹ̀ tótòtó bíi kọ́bọ̀, torí ihò wà láàárín ewé. Ihò yẹn náà ni lésà ń bá wọlé, kò sí awo ńbẹ̀. Bàálù á máa fò, ẹ̀rọ á máa ta iná sílẹ̀, ó lè tó 100,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó pọ̀ jù á bá ewé, díẹ̀ á kanlẹ̀, á sì bá ihò kan náà padà sókè.

Ibi tó dùn gan-an ni lẹ́yìn ìyẹn. Ibi tí iná kọ̀ọ̀kan bá kàn á di àmì kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà. Ti ewé, ti ẹ̀ka, ti ilẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló dà pọ̀ mọ́ra, kò sì sí ìkankan tó máa sọ pé ilẹ̀ lòun. Ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n á dorí gbogbo ẹ̀ kodò, igi á wá rọ̀ sísàlẹ̀ bí àdán, wọ́n á da aṣọ bò ó (aṣọ inú kọ̀ǹpútà ṣá o), ibi tí aṣọ bá fara kàn, ilẹ̀ nìyẹn, èyí tó bá jìnnà sí aṣọ, ewé ni, kí wọ́n dà á nù. Orí ẹni tó ronú kan èyí pé. Àmọ́ irú aṣọ wo? Tó bá rọ̀ bíi ṣífọ́ọ̀nù, á wọnú ẹ̀ka lọ, pápá lásán á di òkè. Tó bá le bí aṣọ òkè tuntun, á nà gbọnrangandan kọjá lórí òkìtì kékeré, òkìtì yẹn á bá ewé lọ, bẹ́ẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ẹnì kan ni.

Iṣẹ́ ńlá ṣì ni. Ní Caracol, ìlú Maya kan ní Belize, ọdún 25 ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ẹsẹ̀ rìn kí wọ́n tó wọn 23 kìlómítà níbùú lóròó, lésà wá wọn 200 láàárín ọjọ́ mélòó kan lọ́dún 2009. Ní Guatemala, ilé àti àwọn nǹkan àtijọ́ míì tí wọ́n kọ́, tí wọ́n kà nínú àwòrán lésà, lé ní 61,000. Síbẹ̀ wọ́n ṣì gbé àdá wọgbó lọ wo díẹ̀ nínú ẹ̀.