Tẹlifíṣọ̀n Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Bí Àwòrán àti Ohùn Ṣe Ń Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Ará Ẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀ Toyota Sienna àti Honda Odyssey tòkunbọ̀ tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà ló ní tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan nínú òrùlé, tí èèyàn lè fà wálẹ̀ síwájú àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó ra ọkọ̀ á tẹ bọ́tìnnì títí, kò ní rí nǹkan kan. Ẹlòmíràn á rí àwòrán, kò ní gbọ́ ohùn. Réwáyà á ní ó ti jóná, kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Ó lè máà jóná o. Ẹ̀rọ yìí ní ìlànà tirẹ̀, ẹni tó bá mọ ìlànà náà lè gba owó ara rẹ̀ là.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń pè é ní rear seat entertainment. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé fíìmù, orin àti géèmù fún àwọn ará ẹ̀yìn láìdí awakọ̀ lọ́wọ́. Ibi awakọ̀ yẹn ni kí ẹ mú dání, torí gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dá sínú rẹ̀, láti ibi tí wọ́n gbé ojú rẹ̀ kọ́ dé ọ̀nà tí ohùn ń gbà, dá lórí pé kí ẹni tó di ṣíárìn mú má wò ó, kó má sì gbọ́ ọ.

Lọ́dún 1999 ni General Motors gbé Oldsmobile Silhouette Premiere jáde ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì fídíò àti tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé. Kò pẹ́ tí dífídì fi gba ipò kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi di Sienna ọdún 2011, ẹni tó bá lè san owó lé e lè gba èyí tí ojú rẹ̀ tó ínǹṣì 16.4, tó ń fi fíìmù han ọmọ kan lápá ọ̀tún, tó sì ń fi géèmù han èkejì lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n fi ìyẹn parí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú dísìkì. Iná tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní laser ló ń ka ohun tó wà lára rẹ̀. Bí táyà bá kó sí kòtò, iná yẹn á ṣìnà, kò ní rí ibi tó ń kà mọ́ fúngbà díẹ̀. Nítorí èyí ni ẹ̀rọ inú ọkọ̀ fi máa ń ka fíìmù sílẹ̀ ṣáájú, táá kó o pamọ́ sínú mẹ́mórì. Lásìkò tí laser bá ń wá ọ̀nà padà, ohun tó wà nípamọ́ lẹ ń wò, ẹ ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá bàjẹ́ ré kọjá, ohun tó kó pamọ́ á tán, àwòrán á sì dúró gbagidi.

Ohùn ló gba ọgbọ́n jù, òun náà ló sì ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ yìí, hẹ́dífóònù tí kò ní wáyà ni wọ́n ṣe fún àwọn ará ẹ̀yìn. Kì í ṣe Bluetooth. Ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú èèyàn ò rí ló ń gbé ohùn lọ, irú èyí tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ilé ń lò. Àwọn gílóòbù kéékèèké kan wà létí tẹlifíṣọ̀n òrùlé yẹn tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì: ìgbà mílíọ̀nù 2.3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan fún etí òsì, mílíọ̀nù 2.8 fún etí ọ̀tún. Bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò ni ìyára ṣíṣẹ́jú náà ń yí díẹ̀díẹ̀. Hẹ́dífóònù á gba ìyípadà yẹn, á sì sọ ọ́ di ohùn padà. Bí ọ̀nà ohùn bá jẹ́ méjì, A àti B, ọ̀nà kejì á máa lo mílíọ̀nù 3.2 àti 3.8, kí èyí tí ọmọ kan ń gbọ́ má bàa dà pọ̀ mọ́ ti èkejì.

Ìmọ́lẹ̀ ni, nítorí náà ohun tó lè dí iná tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ lè dí òun náà. Bí ọmọ bá fi ìrọ̀rí bo etí, tàbí tó sùn tó kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ohùn á máa já. Oòrùn ọ̀sán gangan tó bá wọlé láti ojú fèrèsé náà lè mú kó máa họ bí rẹ́díò tí kò rí ìkànnì. Tí hẹ́dífóònù bá sì wà fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìgba ìmọ́lẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pa ara wọn kí bátìrì má bàa tán. Èyí ló máa ń mú kéèyàn rò pé ó ti kú.

Hẹ́dífóònù tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun sábà máa ń sọ nù kí ọkọ̀ tó dé èbúté. Kò pọn dandan kí ẹ ra ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Èyíkéyìí tó bá ń lo infrared ní 2.3 àti 2.8 yẹn á gbọ́ ọ̀nà A. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn gílóòbù òkè ń ṣiṣẹ́, ẹ tan fíìmù, kí ẹ kọ kámẹ́rà fóònù sí etí tẹlifíṣọ̀n. Ojú yín ò ní rí nǹkan kan, àmọ́ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, pàápàá ti iwájú fóònù, á fi ìmọ́lẹ̀ tó dà bí àwọ̀ àlùkò hàn yín. Ọ̀nà kan náà lẹ fi lè yẹ rìmóòtù wò.

Àwòrán ńkọ́? Ojú LCD, ìyẹn irú ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ yìí, kì í tàn fúnra rẹ̀, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbé àwòrán yọ. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ bíi fluorescent ni iná yẹn, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ inverter ló sì ń sọ fóòtì 12 bátìrì di ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì kí ó tó lè tàn. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú tí ohùn sì ń dún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àwòrán bá ń yọ bàìbàì, gílóòbù tàbí inverter ló kú. LCD fúnra rẹ̀ yè, kò yẹ kí wọ́n gba owó tẹlifíṣọ̀n tuntun lọ́wọ́ yín.

Bí kò bá tàn rárá, ẹ yẹ fíùsì rẹ̀ wò kí ẹ tó tú nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo rẹ́díò iwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, rẹ́díò tó bá ọkọ̀ wá ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ ẹ̀yìn, òun ni bọ́tìnnì tí òbí fi ń tàn án àti èyí tó fi ń pa á wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́, tó fi rẹ́díò Android olójú ńlá rọ́pò rẹ̀, ti gé ọ̀rọ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ́díò, ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n òrùlé.

Ó tún kù síbì kan: dísìkì tó kọ̀. Wọ́n pín ayé sí ẹkùn fún dífídì. Amẹ́ríkà àti Kánádà wà ní ẹkùn 1, Ìlú Ọba wà ní ẹkùn 2, Nàìjíríà wà ní ẹkùn 5. Bí nọ́ńbà ara dísìkì ò bá bá ti inú ẹ̀rọ mu, kò ní ṣí i. Ìdí nìyí tí dísìkì tuntun tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti London fi lè kọ̀ nínú Sienna tó ti Amẹ́ríkà wá. Kódà bí dísìkì ò bá ní ẹkùn kankan, ìlànà àwòrán tún wà níbẹ̀. NTSC ti Amẹ́ríkà ní ìlà 480, pẹ̀lú nǹkan bí àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. PAL tí Nàìjíríà àti Ìlú Ọba ń lò ní ìlà 576 pẹ̀lú àwòrán 25. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ò gbọ́ PAL rárá.

Bí dísìkì bá kọ̀, ẹ wá ihò mẹ́ta kan nínú ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn, aláwọ̀ ìyeyè, funfun àti pupa. Ìyeyè ni àwòrán, funfun ni ohùn òsì, pupa ni ohùn ọ̀tún. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka fláàṣì lè gba ibẹ̀ wọlé, bí ẹ bá ti yí i sí NTSC.

Ó dùn mí pé àwọn kan ń sanwó fún réwáyà láti tan wáyà bíréèkì ọwọ́, èyí tó ń jẹ́ kí rẹ́díò iwájú mọ̀ pé ọkọ̀ dúró, jẹ, kí fíìmù lè máa ṣeré níwájú nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ẹ̀rọ yìí sẹ́yìn gan-an ni wọ́n ń tú palẹ̀ yẹn. Ní Ìlú Ọba, òfin ọkọ̀ ọdún 1986 kò gbà kí awakọ̀ máa rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ níbi tó jókòó sí. Tẹlifíṣọ̀n òrùlé pàápàá, bí wọ́n bá fà á wálẹ̀, lè bo ohun tí awakọ̀ ń rí nínú díńgí àárín. Ẹ fi díńgí ẹ̀gbẹ́ kún un, kí ẹ sì ká a padà bí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó.

Bí ẹ bá lọ wo ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ mú dísìkì NTSC kan, fóònù àti tọ́ọ̀ṣì dání, kí ẹ sì dán gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀.