Kí Kóòṣì Tó Gbéra Lọ sí Ẹgbẹ́ Ńlá

Láti ìgbà tí Remo Stars ti gba ife líìgì Nàìjíríà ní ọdún 2025, ìbéèrè kan ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru àti Ṣàgámù: kóòṣì tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ báyìí, kí ló tún ń dúró ṣe? Ṣé kò yẹ kó tètè wá ẹgbẹ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọjà rẹ̀ ṣì ń tà? Iṣẹ́ kóòṣì ni mo ń ṣe, ní Rẹ́mọ níbí náà ni mo ti ń ṣe é, àwọn àbúrò tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí sì máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà nípa ara wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ àti owó oṣù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Kò burú, owó la fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni iṣẹ́ ti máa ń dàrú mọ́ kóòṣì lọ́wọ́.

Kóòṣì kì í dá ṣiṣẹ́. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tó ń jẹ́ kó ṣe dáadáa níbi tó wà kì í ṣe tirẹ̀, kò sì lè dì í sínú báàgì lọ: sùúrù ẹni tó ni ẹgbẹ́, àwọn ọmọ tó ti mọ ohun tó ń fẹ́ kó tó la ẹnu, ẹni tó ń bá a wá agbábọ́ọ̀lù. Kó tó gbéra, kó rí i dájú pé irú wọn wà níbi tó ń lọ, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé yóò rí wọn. Bí kò bá rí èyí, kó jókòó.

Ẹ wo Remo Stars fúnra wọn. Ní 2023, ipò kejì ni wọ́n wà, Enyimba ló gba ife. Ní 2024, ipò kejì náà ni, Rangers ló gbà á. Daniel Ogunmodede ni kóòṣì nígbà méjèèjì. Ẹgbẹ́ mélòó ní Nàìjíríà ni kóòṣì yóò ti pàdánù ife lẹ́ẹ̀mejì léraléra báyìí tí wọn ò ní ní kó máa lọ sílé? Kunle Soname tó ni ẹgbẹ́ náà ò lé e, nígbà tó sì di sáà kẹta, ife dé Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n ní pápá tiwọn. Wọ́n ní Beyond Limits, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Tí ẹnìkan bá wá sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kékeré nìyẹn, mo máa ń béèrè pé kékeré níbo?

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí a ń pè ní ńlá nínú líìgì wa. Bí gómìnà bá yí padà, alága ẹgbẹ́ yí padà, kóòṣì náà yí padà. Kóòṣì kan tí mo mọ̀ dáadáa gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ nítorí owó ìtọwọ́bọ̀wé. Ìdajì owó náà ló rí gbà. Kí ìpele àkọ́kọ́ líìgì tó parí, wọ́n ti tú ìgbìmọ̀ tó gbà á síṣẹ́ ká, àwọn tó dé lẹ́yìn wọn sì mú èèyàn tiwọn wá. Kò pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó pọ̀ rárá.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí ìjókòó kì í rí, òun ni iye ọjọ́ tí kóòṣì ní láti kọ́ni. Ká ní ọjọ́ Àìkú ni ẹ gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn tó gbá a kò lè ṣe ju kí wọ́n na ara, kí wọ́n rìn, kí wọ́n sáré díẹ̀díẹ̀. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kàn bá jẹ́ ní Kánò tàbí Maiduguri, ẹ ó ti wà lójú ọ̀nà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nínú bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ á wú, ẹ̀yìn á ro. Ọjọ́ méjì péré ló ṣẹ́ kù tí èèyàn lè fi kọ́ wọn ní nǹkan tó jinlẹ̀. Bí líìgì bá tún fi ti àárín ọ̀sẹ̀ kún un, ọjọ́ méjì yẹn náà lọ nìyẹn.

Kí ni kóòṣì ń fi ọjọ́ méjì kọ́? Tí mo bá fẹ́ kí àwọn difẹ́ndà mẹ́rin máa rìn pọ̀, okùn ni mo fi ń so ìbàdí wọn mọ́ ara wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ sí apá ọ̀tún, tí ẹni ọ̀tún bá sáré jáde tí ẹni àárín sì dúró, okùn á fà á padà, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé àlàfo ti ṣí sílẹ̀. A ó ṣe é títí, a ó wá tú okùn náà, a ó sì rí i pé wọ́n ti gbàgbé. A ó tún so ó. Kí ara tó mọ̀ ọ́n láìsí okùn, oṣù kan kì í tó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn àbúrò mi pé kí wọ́n má ṣe gba iṣẹ́ tuntun ní àárín sáà àfi tó bá di túláàsì. Àsìkò tí líìgì bá wà ní ìsinmi ni a ń so okùn.

Ruben Amorim, kóòṣì ọmọ Portugal, mọ èyí. Nígbà tí Manchester United wá mú un ní Sporting ní oṣù kọkànlá 2024, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òpin sáà lòun ìbá fẹ́. Wọn ò lè dúró, ó sì lọ. Ó fẹ́ kí difẹ́ndà mẹ́ta máa dúró lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kóòṣì mìíràn ni wọ́n ra àwọn agbábọ́ọ̀lù tó bá níbẹ̀ fún, bọ́ọ̀lù sì ń já lu bọ́ọ̀lù ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n parí sí. Sporting tó fi sílẹ̀ gba ife líìgì Portugal ní sáà yẹn gan-an. Ní oṣù kìíní 2026, United ní kó máa lọ.

David Moyes ti rí tirẹ̀ ṣáájú. Ó lo ọdún mọ́kànlá ní Everton, ó lọ sí Manchester United ní 2013 pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún mẹ́fà, kò sì pé oṣù mẹ́wàá tí wọ́n fi lé e. Àwọn kan ní kò mọ iṣẹ́. Èmi ò gbà. Ẹ wo ohun tó bá nílé: Alex Ferguson tó jẹ́ kóòṣì ṣáájú rẹ̀ lọ, David Gill tó jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀ lọ ní àsìkò kan náà, Rio Ferdinand àti Nemanja Vidić ti ń dàgbà, Marouane Fellaini nìkan ni ẹni ńlá tí wọ́n rí rà kí ọjà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìgbà ẹ̀rùn yẹn. Èyí tí mo rò pé ó jẹ́ àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí àwọn igbákejì tí Ferguson fi sílẹ̀ lọ, ó kó tirẹ̀ wá láti Everton. Àwọn igbákejì tó mọ iṣẹ́ Ferguson tinú tòde kò wá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́.

Arne Slot ní sùúrù. Lẹ́yìn tó gba líìgì Netherlands pẹ̀lú Feyenoord ní 2023, Tottenham wá a wá, ó ní òun ò lọ. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Liverpool dé. Ilé tí Jürgen Klopp fi sílẹ̀ dúró ṣinṣin, Mohamed Salah àti Virgil van Dijk wà níbẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé Federico Chiesa nìkan ni wọ́n rà tó lè lò ní sáà náà. Slot ò tú iṣẹ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ká. Ó gba Premier League ní sáà àkọ́kọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa yá ni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Kí kóòṣì ka iye kóòṣì tí ẹgbẹ́ náà ti lé láàárín ọdún márùn-ún. Kó pe àwọn tí wọ́n lé, kó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n san gbèsè wọn. Kò sí iṣẹ́ ìwádìí tó rọrùn ju èyí lọ, síbẹ̀ ìtìjú kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn wa ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn wá kù. Láti oṣù kìíní 2021 ni FIFA ti ní òfin tó wà fún kóòṣì nìkan. Ó ní àdéhùn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ó ní bí ẹgbẹ́ bá jẹ kóòṣì ní owó oṣù méjì láìtọ́, tí kóòṣì sì kọ ìwé sí wọn, tó fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọn ò san án, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ̀bi. Kóòṣì tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ lè gbé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ bá FIFA. Kóòṣì ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ nílé kò ní ọ̀nà yẹn, nítorí náà kó rí i pé wọ́n kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀. Kó kọ ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fẹ́ rà. Kó kọ orúkọ àwọn igbákejì tó ń mú bọ̀ àti owó oṣù wọn. Kó kọ iye tí wọ́n máa san bí wọ́n bá lé e. Chelsea san ju 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ fún Brighton nígbà tí wọ́n mú Graham Potter ní oṣù kẹsàn-án 2022, wọ́n sì lé e ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Owó ńlá tí wọ́n fi wá ọ kò sọ pé wọ́n máa ní sùúrù fún ọ.

Mi ò sọ pé kí kóòṣì máa jókòó sójú kan títí ayé. Bí wọn ò bá san owó oṣù, kó lọ, ìyẹn ò gba ìmọ̀ràn. Bí wọ́n bá ń ta àwọn tó dára jù ní gbogbo ọdún tí wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò, kó lọ. Ti ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè tún yàtọ̀. Finidi George gba ife líìgì pẹ̀lú Enyimba ní 2023, ó di kóòṣì Super Eagles ní 2024, ó gbá ọmì kan sí kan pẹ̀lú South Africa ní Uyo, Benin fi méjì sí kan na wọ́n ní Abidjan, ó sì fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà yẹn náà. Àwọn kan ní kò yẹ kó gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ìlú rẹ̀ ló pè é, irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í sábà wá lẹ́ẹ̀mejì, Rivers United sì gbà á lẹ́yìn náà.

Tí kóòṣì bá ti pinnu pé òun ń lọ, kó sọ fún ẹni tó ni ẹgbẹ́ kí èjẹ́ǹtì tó sọ fún oníròyìn. Kó pe àwọn ọmọ jọ ní pápá, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn, torí ọmọ tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò kì í gbàgbé. Kó sì fa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́: ta ni iṣan itan ń dùn, ta ni a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbá kọjá ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ta ni ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn tó sì ń fẹ́ ìyọ̀ǹda lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì.